Ta ló gbapò fílọ́pì: Zip, LS-120 àbí CD?

Tó bá jẹ́ ohun tí o ń bèèrè ni èwo ló borí nínú àwọn tó ń du ipò fílọ́pì (díìsìkì pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn láyé ọjọ́un), kò sí ìkankan nínú àwọn díìsìkì tó jọ ọ́ tó rí i gbà.

Fílọ́pì tó wọ́pọ̀ kò gbà ju 1.44 MB lọ (MB ni ìwọ̀n àyè tí fáìlì ń gbà). Ilé-iṣẹ́ Iomega gbé díìsìkì Zip jáde ní 1994, ó gba 100 MB, ó sì tà gan-an. LS-120 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba 120 MB. Lójú tèmi òun ló gbọ́n jù, torí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ka fílọ́pì àtijọ́ pẹ̀lú. Àmọ́ Zip ti gba ọjà. HiFD, díìsìkì irú wọn ti ilé-iṣẹ́ Sony, ní 1998, pẹ́ jù.

Ìṣòro gbogbo wọn ni pé díìsìkì Zip rẹ kò wúlò bí ẹni tó o fẹ́ fún kò bá ní ẹ̀rọ Zip. Àwọn ẹ̀rọ Zip kan tún máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí wọ́n bá ti bàjẹ́, wọ́n sì lè ba díìsìkì tó wà nínú wọn jẹ́. CD-R, ìyẹn CD tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ kọ nǹkan sí, ní tiẹ̀ gba 650 MB, owó pọ́ọ́kú ni, ohun tó ń ka CD sì ti wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó o bá ti kọ sí i kò ṣe é pa rẹ́.

Fláàṣì USB ló parí ìjà náà. Bíi 8 MB péré làwọn tó kọ́kọ́ jáde ní 2000 gbà, ṣùgbọ́n ojú ihò USB lásán ni wọ́n ń fẹ́. Fílọ́pì ò kúkú tètè kú: Sony ṣì ń tà á ní Japan títí di 2011.