Yíyan Olórí Ọlọ́pàá ní Abúlé Ohio: Ẹ Ro Yíyọ Kí Ẹ Tó Yàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ béèrè bóyá mẹ́yọ̀ abúlé yín ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, lè dá yan olórí ọlọ́pàá, ohun tí iṣẹ́ ẹni náà jẹ́, àti bí ẹ ṣe lè yọ ọ́ bí kò bá ṣe dáadáa. Mo ti ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ abúlé kan rí ní ìpínlẹ̀ náà, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí a fẹ́ yọ olórí ọlọ́pàá wa tí agbára wa kò ká a. Ìbéèrè yín kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rò, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ bí yíyọ ṣe le tó ni yóò fara balẹ̀ nígbà yíyàn.

Mẹ́yọ̀ kò lè dá a ṣe. Òun ni yóò mú orúkọ wá, ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ kò bá fọwọ́ sí i, ìyànsípò náà kò dúró. Abúlé tí ó bá ti kọ ìwé òfin ìṣàkóso tirẹ̀ lè ṣe é lọ́nà mìíràn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi akọ̀wé yín. Abúlé tí ń tẹ̀ lé òfin ìpínlẹ̀ lásán ni mo ń sọ.

Inú oṣù 6 àkọ́kọ́ ni agbára ìgbìmọ̀ wà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí a yàn ṣì wà lórí ìdánwò. Nígbà tí ó bá pé, mẹ́yọ̀ ní láti fi àkọsílẹ̀ bí ó ṣe ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀, kí wọ́n sì jọ pinnu bóyá kí ó dúró tàbí kí ó máa lọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kí n tó wọ ìgbìmọ̀, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni kà. Oṣù náà pé, ó kọjá, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ọkùnrin náà ti di tiwa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀sùn nìkan ni ó kù. Mẹ́yọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún, kí ó sì fún olórí ọlọ́pàá ní ẹ̀dà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò wá gbọ́ ọ ní ìpàdé tí ó bá bọ́ sí ó kéré tán ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí ó gba ìwé náà. Ó lè mú lọ́yà wá, ó sì lè bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó yọ ọ́, tàbí kí a tó dá a dúró fún ìgbà tí kò ju ọjọ́ 60 lọ. Bí a bá sì yọ ọ́, ó ní ọjọ́ 10 láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Common Pleas ní káúńtì náà. Ìwé ẹ̀sùn tiwa kún fún "kò bọ̀wọ̀ fún aráàlú" àti "kò ka iṣẹ́ sí", láìsí ọjọ́, láìsí orúkọ ẹlẹ́rìí, lọ́yà rẹ̀ sì tú u ká wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nínú àwa mẹ́fà, mẹ́ta dìbò kí ó lọ. Mẹ́rin ni òfin béèrè. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti mọ àwa mẹ́ta tí ó fẹ́ lé e lọ.

Ní ti iṣẹ́ rẹ̀, abẹ́ mẹ́yọ̀ ni ó wà, kì í ṣe abẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tilẹ̀ rò pé òun ni yóò máa wá lé ajá aládùúgbò wọn. Òun ni ó ń pinnu ibi tí ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan yóò wà, lábẹ́ ìlànà tí mẹ́yọ̀ bá fi lélẹ̀, ó sì lè dá èyí tí ó bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀ dúró. Òun ni yóò paná ìjà àti rúkèrúdò, ó lè ké sí aráàlú láti ràn án lọ́wọ́, ó sì lè lépa ẹni tí ń sá fún òfin dé ibikíbi ní ìpínlẹ̀ náà.

Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, lójú tèmi, ni owó ìtanràn, nítorí pé ní Ohio mẹ́yọ̀ fúnra rẹ̀ lè jókòó dájọ́. Ní 1927, nínú ẹjọ́ Tumey, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ mẹ́yọ̀ North College Hill, nítorí pé dọ́là 12 bọ́ sí àpò rẹ̀ nígbà tí ó dá Tumey lẹ́bi. Ní 1972 wọ́n fagi lé ti Monroeville pẹ̀lú, abúlé tí nǹkan bí ìdajì owó tí ó wọlé fún un ní 1964 ti ilé-ẹjọ́ mẹ́yọ̀ wá. Olórí ọlọ́pàá tí wọ́n bá ń fi iye tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn awakọ̀ díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ yóò kó àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀, inú abúlé yóò sì wà láìsí ẹ̀ṣọ́ lóru.

Nítorí náà, kí ẹ tó dìbò, ẹ béèrè ìdí tí ó fi kúrò níbi iṣẹ́ tí ó ti wá, kí ẹnì kan nínú yín sì bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má jẹ́ lẹ́tà ìmọ̀ràn nìkan ni ẹ óò kà. Ẹ bi mẹ́yọ̀ ní ohun tí yóò wà nínú àkọsílẹ̀ oṣù 6 náà, kí akọ̀wé sì kọ ọjọ́ tí yóò pé sínú ìwé ìpàdé. Bí ó bá ní kí ẹ dìbò ní alẹ́ kan náà tí ó mú orúkọ wá, ẹ dábàá pé kí ó di ìpàdé tí ń bọ̀.