Ibo ni orí àwòrán aṣálẹ̀ Ọsirélíà wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fún mi ní àwòrán àwọn Àbọ́ríjínì, àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán ọ̀dà wínníwínní ló kún inú rẹ̀. Apá wo ni kí n gbé sókè bí mo bá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri? Ṣé mo sì lè ya irú rẹ̀?

Ìdáhùn: Apá tó bá wù yín ni kí ẹ gbé sókè. Orí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ kanfáàsì sí, ayàwòrán á jókòó tì í, á ya ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, á tún sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n ń yà, bí ẹyẹ ṣe ń rí i láti òkè. Òbìrìkítí tó wà nínú òbìrìkítí lè jẹ́ ojú omi tàbí àgọ́. Ìlà tó so wọ́n pọ̀ ni ọ̀nà tí àwọn babańlá gbà nígbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn Warlpiri, ọ̀kan lára ẹ̀yà Àbọ́ríjínì inú aṣálẹ̀, ń pè ní Jukurrpa. Àmì U ni ojú ibi tí ènìyàn jókòó sí nínú iyanrìn. Bí ọ̀pá ìwalẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀, ọkùnrin ni.

Ara iyanrìn àti ara ènìyàn ni wọ́n ti ń ya àwọn àmì yìí tipẹ́. Ní 1971 ni àwọn àgbà Papunya, ìlú kékeré kan nínú aṣálẹ̀, ya èèrà olóyin sára ògiri ilé ìwé, tí wọ́n sì tẹra mọ́ fífi ọ̀dà yà á sórí pákó. Àwọn kan nínú àwòrán àkọ́kọ́ tú awo síta, inú sì bí àwọn ará ilé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kán ti ń bo ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú kun kanfáàsì, kó gbẹ dáadáa. Ẹ ya òbìrìkítí àti ìlà, kí ẹ tó máa tò ẹ̀kán yí wọn ká. Orí igi kékeré tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ tì bọ ọ̀dà, ẹ gbé e kàn án lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbé e sókè gbọnrangandan. Bí ọ̀dà bá ṣàn jù, ẹ̀kán á wọnú ara wọn. Bí ó bá ki jù, á yọ ṣóńṣó.

Ọgbọ́n ọwọ́ nìyẹn. Ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti dà kọ. Láàárín àwọn Warlpiri, kirda tó jogún ilẹ̀ lọ́dọ̀ baba ló ń yà á, kurdungurlu, tí ìyá rẹ̀ wá láti ilẹ̀ náà, á sì máa ṣọ́ ọ kó má baà ṣì í yà. Àwòrán yìí, ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ gan-an ni. Ní 1997, àwọn tó ń béèrè ilẹ̀ wọn ní Aṣálẹ̀ Oníyanrìn Ńlá ya kanfáàsì tí ìbú rẹ̀ tó mítà 8, tí gígùn rẹ̀ sì tó mítà 10. Oníkálukú dúró lórí ibi tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì fi èdè rẹ̀ rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba. Ní 2007, ilé ẹjọ́ gbà pé àwọn ló ni ilẹ̀ náà.

Ẹ yí àwòrán yín wo lẹ́yìn. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè ìwé tó bá a wá lọ́wọ́ ẹni tó fún yín: orúkọ ayàwòrán àti ilẹ̀ tó yà ló máa ń wà nínú rẹ̀.