Níbo ni "The Irish Washerwoman", orin ijó ayárakánkán tí wọ́n ń pè ní jíìgì, ti ṣẹ̀ wá?

Orúkọ Ireland ló ń jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ipasẹ̀ rẹ̀ tó pẹ́ jù gbé wa lọ. Ọ̀pọ̀ olùwádìí so ó mọ́ Dargason, orin ijó tí John Playford tẹ̀ sínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1651. Dargason kò ní ìparí: báà (ìpín kéékèèké orin) mẹ́jọ péré ni, bó bá ti tán ló tún bẹ̀rẹ̀. Gustav Holst, òǹkọ̀wé orin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lò ó nínú Second Suite, orin tó kọ fún ẹgbẹ́ afunfèrè ológun, lọ́dún 1911. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ó rí ìjọra náà. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, jíìgì yìí ti wà nínú ìwé orin pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ dòní.

Kíì G (ohùn G ni ìpìlẹ̀ rẹ̀) ni wọ́n sábà ń fi ta á lórí gòjé òyìnbó. Apá méjì ló ní, báà mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báà 32 nìyẹn. Ohùn mẹ́fà ló wà nínú báà kan, mẹ́ta-mẹ́ta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba, ijó á sì kú. Ohùn kìíní àti ìkẹrin ni kí ọrun gòjé tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ ju ìyókù lọ.