Ìbéèrè àti ìdáhùn: "Yes" ni gbogbo wọn ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kọ́ ni wọ́n ń ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Yorkshire ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe igbákejì máníjà. Àwọn tí mo ń darí wá láti Philippines, Kerala ní Íńdíà, Zimbabwe, Pólàńdì àti Nàìjíríà, àwọn òyìnbó onílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Tí mo bá ń gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ nígbà handover (ìgbà tí àwọn tó ń lọ ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́), "yes" ni gbogbo wọn ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kọ́ ni màá bá nílẹ̀. Òyìnbó kan ti fẹjọ́ sùn pé a máa ń sọ Yorùbá ní yàrá ìsinmi. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pè mí ní Mọ́mì, wọ́n sì ń retí pé kí n máa yọ àwọn kúrò nínú rótà (ìwé ètò ọjọ́ iṣẹ́) ọjọ́ Sunday. Máníjà àgbà ní kí n lọ kọ́ bí a ṣe ń darí àwọn tí àṣà wọn yàtọ̀ síra. Ṣé kí n fowó ara mi gba sátífíkéètì ni, àbí kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ipò tuntun. Kí a tó kan sátífíkéètì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "yes" yẹn, torí òun ló lè ṣe èèyàn léṣe.

Àwọn olùkọ́ kan á sọ fún yín pé ojú máa ń ti àwọn ará Éṣíà láti sọ pé nǹkan ò yé àwọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ Philippines tí wọ́n tọ́ dáadáa máa ń fi "po" kún ọ̀rọ̀ tó bá ń bá ẹni tó jù ú lọ sọ̀rọ̀, bí àwa náà ṣe ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, kò sì ní fẹ́ já ọ̀gá ní koro láàárín èrò. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹnìkan ń sọ "yes" nítorí ọ̀wọ̀. Ohùn yín ni ò yé ẹlòmíì, torí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọmọ Yorùbá kì í tètè wọ etí ẹni tó ń bọ̀ láti Manila tàbí Kochi. Físà ni ẹlòmíì ń bẹ̀rù.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba UK ṣí físà òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó. Oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n tì í mọ́ àwọn tuntun tó fẹ́ wá láti òkè òkun. Àwọn tó ti gba ibẹ̀ wọlé, ilé iṣẹ́ tó mú wọn wá ni físà wọn so mọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún wọn láti wá ẹlòmíì tó máa gbà wọ́n, tàbí kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Ẹni tí èyí wà lọ́rùn rẹ̀, tó tún ṣeé ṣe kó jẹ gbèsè sílẹ̀ nílé kó tó wọ bàálù, ṣé òun ló máa ké sí igbákejì máníjà lójú gbogbo èèyàn pé "ohun tí ẹ sọ ò yé mi"? Ìyẹn kì í ṣe àṣà rárá. Ìbẹ̀rù ọ̀gá ni. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn yín, torí kò sí ẹ̀kọ́ nípa àṣà tó lè wo ìbẹ̀rù sàn. Ohun tó lè wò ó ni kí ẹni náà rí i pé ẹni tó béèrè ìbéèrè lánàá, ojú rere lẹ fi dá a lóhùn, ohunkóhun ò sì yí padà nínú rótà rẹ̀.

Nípa handover fúnra rẹ̀, ẹ má béèrè "ṣé ó yé yín?" mọ́. Ìbéèrè tí "yes" lè dáhùn ò wúlò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan wà ní yàrá 9 tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ò gbé omi dáadáa mọ́, tí wọ́n ti ní kí ohun mímu rẹ̀ máa ki dé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Level 2. Tí ẹ bá kàn kà á sí wọn létí, wọ́n á mi orí. Ẹ gbé agolo thickener (ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ohun mímu kí ó lè ki) sórí tábìlì, kí ẹ ní: "Ẹ bá mi po èyí tí ẹ máa fún bàbá láàárọ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ṣàlàyé dáadáa." Ẹ wá máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo, àbí ó kàn ń bu ṣíbí bó ṣe ń bù ú níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Ìwọ̀n ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Ṣé ó dúró kí ó ki kó tó gbé ife? Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ ti mọ ohun tí ogún "yes" ò lè sọ fún yín, ojú ò sì ti ẹnikẹ́ni, torí ara yín lẹ fi ìdánwò náà lé.

Àwọn òyìnbó náà ní àṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé ilé iṣẹ́ sábà máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé àlejò nìkan ló gbé àṣà wá. Ní agbègbè yín, oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń pè ní "tea". Tí òyìnbó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá yàrá 4 kọ "tea" rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Harare lè rò pé ife tíì lásán ni, kí ebi sì pa ìyá mọ́jú. Ẹ pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: oúnjẹ wo, ìdajì àwo ni àbí kò fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí òyìnbó bá ní "you might want to look at that", kò fi í sílẹ̀ fún yín láti yàn o, ó fẹ́ kí ẹ lọ ṣe é. Ọmọ Pólàńdì ní tirẹ̀ á là á mọ́lẹ̀ pé "this is wrong", kò sì bú yín.

Iṣẹ́ tó le jù ni kí ẹ rí tiyín. Àwa ọmọ Yorùbá, ẹni tó bá wọlé tí kò kí wa, a ti dá a lẹ́jọ́. Ọmọ ọdún 19 tó pe orúkọ mọ́ wa lórí, ó ń dùn wá bí a tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Tí àwa méjì bá ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó ń kọjá á rò pé ìjà ni. Kò sí aburú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹnìkan pé kò ní ìwà, ẹ bi ara yín pé ìwà wo ló rú: ti ilé iṣẹ́, àbí ti ilé bàbá yín?

Ìmọ̀ yìí máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì pẹ̀lú. Nígbà ìpàdé probation (àkókò tí wọ́n ṣì ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò), ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà máa ń wolẹ̀ tí ọ̀gá bá ń bá wọn wí, òyìnbó á sì ní ó dà bíi pé ẹni yìí ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbẹ̀ lẹ lè sọ fún un pé ọ̀wọ̀ ni, kí ó tó fi ìyẹn dájọ́.

Ní ti ọjọ́ ọdún, ẹ béèrè, ẹ má fi ojú orílẹ̀-èdè wò ó. Àwọn máníjà kan á ra ṣúìtì Diwali, ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, fún gbogbo ọmọ Íńdíà, nígbà tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì Kerala jẹ́ Kristẹni, Onam tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án sì ni ọdún ńlá ìpínlẹ̀ wọn. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà ńlá kan sí yàrá ìsinmi, kí kálukú kọ ọjọ́ tó ṣe pàtàkì sí i kí ẹ tó ṣe rótà. Bí mùsùlùmí bá wà, Ramadan máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, nítorí náà ti ọdún tó kọjá ò ṣeé tẹ̀ lé. Òfin ti fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ ní ìsinmi ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi tirẹ̀ sí ìgbà ìṣínu, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ó wá ku ẹjọ́ Yorùbá sísọ. Equality Act ọdún 2010, òfin ìdọ́gba ilẹ̀ UK, dáàbò bo orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà tí èèyàn ti wá, nítorí náà tí ilé iṣẹ́ bá fòfin de èdè ẹlòmíì pátápátá, àní nígbà ìsinmi, ó lè di ẹjọ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn tí ẹ ń tọ́jú, àti nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ẹnìkan, Gẹ̀ẹ́sì ni, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere: arúgbó tó ń gbọ́ èdè tí kò mọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, jìnnìjìnnì á bò ó. Kí òfin yìí kan Malayalam (èdè Kerala), Tagalog (èdè Philippines) àti Polish bákan náà. Ẹ pe òyìnbó tó fẹjọ́ sùn yẹn sẹ́yìn, ẹ má pè é ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ẹ bi í ní ohun tó ń dùn ún. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ó rò pé òun ni wọ́n ń sọ. (Ká má purọ́, nígbà míì òun ni.) Kí àwọn tiwa náà gbọ́ pé tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bá jókòó tì wọ́n, kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó bá fẹ́ di wàhálà, Acas, àjọ tó ń rí sí aáwọ̀ ibi iṣẹ́ ní UK, ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí tẹlifóònù.

Ọ̀rọ̀ Mọ́mì nìyí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa pè yín bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi orúkọ pè yín, torí àwọn ará Zimbabwe àti Philippines ń gbọ́, wọ́n sì ti ń ṣírò ẹni tó jẹ́ ọmọ àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Ẹ wo rótà yín dáadáa: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ lọ sin Ọlọ́run ní Sunday, láti Kerala dé Pólàńdì! Ẹ jẹ́ kó máa yí kiri, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wa máa ń le koko mọ́ ọmọ ilé kí òyìnbó lè rí i pé àwọn ò ṣojúsàájú. Ojúsàájú náà nìyẹn.

Ẹ ò béèrè èyí, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀: arúgbó tó ní àìsàn ìgbàgbé máa bú òṣìṣẹ́ yín nítorí awọ ara rẹ̀. Ẹ má sọ fún òṣìṣẹ́ náà pé "àgbà ni, ẹ fi sílẹ̀." Ẹ mú òṣìṣẹ́ náà jáde, kí ẹ̀yin fúnra yín wọlé parí iṣẹ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìṣẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì bi í lọ́jọ́ kejì bóyá ó fẹ́ padà sí yàrá yẹn. Ẹ má dá ìyẹn ṣe fún un. Ẹ má sì sọ ọ́ di àṣà pé aláwọ̀ funfun nìkan ló ń wọ yàrá náà.

Sátífíkéètì: bí ilé iṣẹ́ bá sanwó rẹ̀, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àkójọ "ará Íńdíà máa ń ṣe báyìí, ará Áfíríkà máa ń ṣe báyẹn" ni, ẹ má lọ. Ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ máníjà àgbà dípò rẹ̀: ààbọ̀ wákàtí tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti bá yín jókòó ní ẹ̀yin méjèèjì nìkan, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún handover àárọ̀. Kí ó kọ ọ́ sínú email.