Láti Kútọnu dé Kétu lórí kẹ̀kẹ́: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí o fi mọ oòrùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún 41 ni mí. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí ìyá mi àgbà sí. Mo fẹ́ wọ bàálù dé Kútọnu ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, kí n gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Pobè lọ sí Kétu. Bí ara bá gbà, màá tẹ̀síwájú dé Ṣábẹ (Savè). Níbí, mo máa ń gun 100 kìlómítà lọ́jọ́ Sátidé láìsí wàhálà. Ṣé mo lè gbéra lọ́jọ́ kejì tí mo bá balẹ̀? Kìlómítà mélòó ni kí n máa gùn lójúmọ́? Ṣé kí n gbé kẹ̀kẹ́ tèmi wá?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìmúra. Àtúnkẹ̀kẹ́ṣe ni mí, ó sì ti tó ìgbà mélòó kan tí mo ti ṣáájú àwọn èèyàn gba ọ̀nà yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó lè gbẹ̀mí èèyàn: rárá, má gbéra lọ́jọ́ kejì. Inú òtútù lo ti ń gun 100 kìlómítà rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ mọṣẹ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ àti awọ ara rẹ kò tíì mọ oòrùn.

Gbogbo agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá ń tẹ pẹ́dà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Ooru ni gbogbo ìyókù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, afẹ́fẹ́ tútù á gbé ooru yẹn lọ. Ní Kútọnu, òógùn ló máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, òógùn kì í sì í mú ara tutù àfi tó bá gbẹ kúrò lára. Létí òkun, omi inú afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé òógùn kì í ráyè gbẹ. Wàá máa wò ó bó ṣe ń kán tó, tó, tó sórí irin kẹ̀kẹ́, tí ara rẹ á sì máa gbóná síbẹ̀. Tí o bá wá kọjá Pobè sókè, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀. Òógùn á ti gbẹ kí o tó rí i. Wàá ní o kò làágùn rárá, àfi ìgbà tí o bá bọ́ ẹ̀wù lọ́sàn-án tí o rí ìlà iyọ̀ funfun gbàràgàdà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn lo máa mọ iye omi tí o ti pàdánù.

Ara máa ń kọ́ ọ, ohun tó dáa níbẹ̀ nìyẹn. Tí èèyàn bá ń ṣe wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ lójoojúmọ́ nínú ooru fún ọjọ́ 7 sí 14, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á tètè máa jáde, iyọ̀ tó ń bá òógùn lọ á sì dín kù. Ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ṣeé fò. Nítorí náà, sinmi lọ́jọ́ tí o bá balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, gun wákàtí kan péré láàárọ̀, láìsí ẹrù lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, máa lọ sí Àjàṣẹ́, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú tó tó wò ni, o ò ní kábàámọ̀. Lẹ́yìn náà, Sakété, Pobè, Kétu, ìlú kan lóòjọ́. Gbogbo rẹ̀ láti Kútọnu kò ju nǹkan bí 140 kìlómítà lọ. Mo mọ̀ pé ó máa dà bí eré ọmọdé lójú rẹ. Gbà mí gbọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi bá èèyàn ka kìlómítà; wákàtí ni mo máa ń kà. Ní oṣù kìíní, ní nǹkan bí aago méje ni oòrùn ń yọ ní apá ibẹ̀, ojúmọ́ á sì ti mọ́ díẹ̀ ṣáájú. Wà lórí kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn. Tó bá ti di aago mọ́kànlá, wá ibòji, ibi yòówù kí o dé. Jẹun, sùn, fọ ṣòkòtò tí o fi gun kẹ̀kẹ́. Tó o bá ṣì fẹ́ rìn, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí o sì ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Má gun kẹ̀kẹ́ lóru lójú ọ̀nà yẹn. Rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Benin, kì í ṣe ọwọ́ òsì bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Láàárọ̀ kùtù, tí oorun ṣì wà lójú, oríta ni àṣìṣe yẹn ti máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan kò sì ní dúró dè ọ́.

Omi. Bí ìdajì lítà sí lítà kan fún wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́, bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ ọ́ sí. Má wulẹ̀ máa da omi lásán sínú bí ẹni ń rọ omi sí àmù. Tí omi bá pọ̀ jù nínú ara, tí iyọ̀ ń bá òógùn lọ láìsí àrọ́pò, orí á máa fọ́ èèyàn, èébì á máa gbé e, ó sì lè dákú. Po èyí sínú ìgò kan nínú méjì tí o bá gbé: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí kékeré ṣúgà 6 tí a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Gààrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà tún dára lọ́sàn-án ju gbogbo ohun aládùn inú ọ̀rá tí o máa kó wá láti òkè òkun lọ. Wo ìtọ̀ rẹ láràárọ̀: tó bá pupa ràkọ̀ràkọ̀, ọjọ́ ìsinmi nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo mú lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára ju èmi lọ dáadáa, kọ̀ láti dúró láago mọ́kànlá. Kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún. Mo bi í pé kí lorúkọ ìyá rẹ̀. Ó wò mí, kò rántí. A gbé e sábẹ́ igi dóńgóyárò, a bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, gbogbo omi tó kù lọ́wọ́ wa la dà sí i lórí, lọ́rùn, lábíyá, a sì ń fi páálí fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró. Ìgbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ la tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara wọn nìyẹn: kọ́kọ́ mú ara tutù, kí ọkọ̀ tó dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ti dàrú nínú oòrùn, kì í ṣe àárẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀mí rẹ̀ ló wà nínú ewu. Torí náà, má dá lọ. Ẹni tí ooru bá mú kì í mọ̀ fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wá, tí táyà rẹ̀ kò bá tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀ pupa àti yanrìn máa ń gbé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mì. Nígbà tí o bá ń tú u sínú páálí, rántí pé pẹ́dà òsì lòdì sí ti ọ̀tún: ọwọ́ tí a fi ń dè é lọ́tùn-ún la fi ń tú u lósì. Tí ẹnu túúbù rẹ bá jẹ́ irú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, rọ́bà àwọn tó ń fẹ́ táyà lójú títì kò ní bá a mu, irú ẹnu túúbù ọ̀kadà àti ọkọ̀ ni rọ́bà wọn bá mu. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lẹ́nu kó lè bá a mu. Kò tó ìka ọmọdé, kò wọ́n, ra méjì. Mú túúbù méjì àti pọ́ǹpù dání. Tí táyà bá jò, abẹ́ ibòji ni kí o ti lẹ̀ ẹ́, kí o sì fi aṣọ di iwájú orí rẹ kọ́kọ́. Mo ti lẹ túúbù kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, òógùn ló ń kán sórí gọ́ọ̀mù tí n kò mọ̀. Ọyẹ́ máa ń kó eruku sí ṣéènì, nítorí náà fi àkísà nù ún lálaalẹ́ kí o tó fi òróró díẹ̀ sí i. Tí ìjókòó bá ń bó ọ lára, òrí ni kí o fi pa á, wàá rí i rà lọ́jà.

Wọ́n lè béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfurufú, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn-àjò ni kí o ti gba abẹ́rẹ́ náà. Bá apòògùn sọ̀rọ̀ nípa oògùn tí o máa lò fún ibà, kí o sì sọ fún un pé inú oòrùn lo máa wà látàárọ̀. Doxycycline, tí wọ́n máa ń kọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, máa ń mú kí oòrùn tètè jó awọ ara. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn tó fẹ́lẹ́ tó sì gbọ̀jẹ̀gẹ́ ni kí o wọ̀.

Ní ti Ṣábẹ, má pinnu rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ju 75 kìlómítà lọ láti Kétu, ojú rẹ sì ni ọyẹ́ yóò máa fẹ́ bá. Dé Kétu ná, lọ wo ẹnubodè Àkàbà Ìdènà, kí o wá àwọn ẹbí ìyá rẹ àgbà, kí o sùn dáadáa lóru méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, tí o bá jí tí ìtọ̀ rẹ mọ́, tí orí kò fọ́ ọ, tí oúnjẹ ń wù ọ́ jẹ, rọ omi sí ìgò méjèèjì kó kún, kí o sì gbéra kí oòrùn tó yọ.