Ẹ má gbin koríko òkun sí ọ̀sà Ìwópin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ìwópin ni a ti ń pẹja. Ẹnìkan ń ta koríko òkun (seagrass) fún wa, ó ní bí a bá gbìn ín sínú ọ̀sà, àwọn ẹ̀dá tíńtín tí ọmọ ẹja ń jẹ yóò máa ti ara ewé rẹ̀ jáde. Ṣé kí a rà á, àbí ojúoró àti water hyacinth tó ń léfòó níwájú wa ti tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á o. Omi tí ojúoró àti water hyacinth bá ti ń gbilẹ̀, iyọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ ló ń pa àwọn méjèèjì. Omi iyọ̀ ni koríko òkun fẹ́, ó sì fẹ́ kí oòrùn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń tà á fún yín, yálà kò mọ̀, tàbí ó mọ̀.

Ewé kọ́ ló ń bí àwọn ẹ̀dá yẹn. Inú ẹrẹ̀ ni ilé ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn aràn tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní nematode ló sábà máa ń pọ̀ jù, àwọn copepod, ìbátan edé, ló tẹ̀ lé wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ò gùn tó mìlímítà kan, àmọ́ nínú ẹrẹ̀ etí òkun tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóòró, wọ́n lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Ewé koríko òkun ń dá ìgbì dúró kí ìdọ̀tí kíkúnná lè rọ̀ sílẹ̀. Ewé tó bá jábọ́ a jẹrà, bakitéríà a jẹ ẹ́, àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí a sì jẹ bakitéríà. Lójú ọ̀sán, gbòǹgbò rẹ̀ ń tú ọ́síjìn sínú ẹrẹ̀. Bí ẹ bá gé irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, dúdú ni, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ilẹ̀ pupa fẹ́lẹ́ tó yí gbòǹgbò ká. Ibẹ̀ ni copepod ti ń rí mí. Àwọn nematode kan lè fara da dúdú yẹn. Copepod ò lè pẹ́ níbẹ̀.

Èyí tó ń léfòó ò lè ṣiṣẹ́ yìí. Gbòǹgbò rẹ̀ ò dé ẹrẹ̀, ó ń bo oòrùn, bó bá sì kú, á rì, á jẹrà, á gba ọ́síjìn. Ẹ má fín oògùn apakoríko sí i; gbogbo rẹ̀ á rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọwọ́ kó o, kí ẹ gbé e jìnnà sétí omi. Òṣíbàtà àti koríko tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú: ẹ la ọ̀nà tí ọkọ̀ á gbà, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn tó wà nínú ẹrẹ̀ tiyín, ẹ gé ìdí àti orí agolo mílíìkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ẹrẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Apá òkè yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí yanrìn rọ̀ díẹ̀, kí ẹ da omi òkè sórí aṣọ tí ojú rẹ̀ há dáadáa. Asẹ́ ògì fẹjú jù, wọ́n á kọjá. Ẹ ṣan aṣọ náà sínú àwo funfun, ẹ fi díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: èyí tó ń lọ́ ni nematode, èyí tó ń ta pọ́n-ún ni copepod. Bí kò bá sí èyí tó ń ta, ó lè jẹ́ àìsí ọ́síjìn, ó lè jẹ́ Gamalín, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan fi ń pa ẹja, tí ẹnìkan dà sódò. Mi ò lè fi ẹnu lásán sọ èwo ni. Ẹ má tún ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ náà, ẹ pe òṣìṣẹ́ ẹja ìjọba ìbílẹ̀ kó wá yẹ omi náà wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.