Ǹjẹ́ Mùsùlùmí Lè Máa Gbádùn Fíìmù Àtijọ́ Aláwọ̀ Dúdú Òun Funfun?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, Àfáà wa. Láti kékeré ni èmi àti bàbá mi ti jọ máa ń wo fíìmù àtijọ́, àwọn tí kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Bí bàbá bá ti kírun Iṣá tán ní mọ́sálásí, a ó jókòó tì í. Wọ́n ti di olóògbé, àmọ́ ìfẹ́ fíìmù náà kò kúrò lọ́kàn mi. Lóru ni mo ń wò ó, nígbà mìíràn méjì tẹ̀ léra, ìrun Àsùbáà sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Humphrey Bogart ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn òṣèré. Mo mọ ìtàn ayé rẹ̀ dé ọdún 1945 tó gbé Lauren Bacall níyàwó. Àwòrán ńlá rẹ̀ wà lára ògiri yàrá tí mo ti ń kírun, bí mo bá sì wo fíìmù rẹ̀ tán, mo máa ń ní, "Kí Ọlọ́hun forí jìn ín." Arákùnrin kan sọ pé haramu ni gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wàálékùm sàlámù, ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn. Kí Ọlọ́hun fi àlùjáńnà kẹ́ bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó gbóná jù bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ dárúkọ rẹ̀ bí ẹni pé kò tó nǹkan: ìrun Àsùbáà. Ó wà nínú Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, tí Bukhari kó jọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kì í fẹ́ kí èèyàn sùn kó tó kírun Iṣá, kì í sì í fẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé pé àìsùn ló ń kó bá ìrun òwúrọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ fíìmù kejì ní agogo méjìlá òru, ta ni yóò jí yín? Fíìmù tó bá máa gba Àsùbáà lọ́wọ́ yín ti di èèwọ̀ fún yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbáà jẹ́ wáàsí ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Ẹ san gbèsè ìrun méjèèjì, ẹ tọrọ àforíjìn, kí ẹ sì gbé ìran wíwò yín sí ojúmọmọ.

Ní ti fíìmù fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ arákùnrin yẹn kọjá ibi tí ẹ̀rí gbé e dé. Lóòótọ́, àwọn onímímọ̀ kan ka gbogbo àwòrán ohun ẹlẹ́mìí sí èèwọ̀, títí kan èyí tó ń rìn. Àwọn mìíràn, wọ́n sì pọ̀, ní òjìji tí ẹ̀rọ mú ni, bí ìgbà tí èèyàn wo dígí. Èyí ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Ìran wíwò kì í sì í ṣe àjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Lọ́jọ́ ọdún kan, àwọn ará Habaṣa, ìyẹn Etiópíà, ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sálásí Ànábì. Ìyá wa Áíṣà, ìyàwó Ànábì, dúró lẹ́yìn Ànábì, ó ń wò wọ́n, Ànábì fi aṣọ rẹ̀ bò ó, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi sú Áíṣà fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn Hádíìsì yìí gan-an. Kò kán an lójú rárá.

Àmọ́ àìláwọ̀ kò sọ fíìmù di mímọ́. Mo mọ ohun tó mú ọ̀pọ̀ èèyàn rò bẹ́ẹ̀. Láti 1934 títí di 1968, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà ní òfin kan tí wọ́n fi de ara wọn, tí wọ́n ń pè ní òfin Hays. Kò gba ìhòòhò, kò gba ọ̀rọ̀ rírùn, ọ̀daràn kò sì gbọdọ̀ mú un jẹ. Ìdí rèé tí ẹ fi lè jókòó ti bàbá láìsí ìtìjú. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lé sìgá lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yà á: iná tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, èéfín funfun rọra ń gòkè nínú òkùnkùn, ojú òṣèré wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wu ojú. Bogart tí ẹ fẹ́ràn yìí, àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa á ní oṣù kìíní ọdún 1957, ọmọ ọdún 57 péré. Ẹnikẹ́ni kò tan iná sí ìyẹn kó lè wu ojú. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin bá sì ti ń dì mọ́ra, ẹ mójú kúrò. Àṣẹ tó wà nínú Súrà Núúrù, ẹsẹ 30, kò yọ ti ojú tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Mo wo 12 Angry Men ti ọdún 1957 látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin méjìlá tí ilé ẹjọ́ yàn wà nínú yàrá kan, wọ́n fẹ́ pinnu bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló pa bàbá rẹ̀. Mọ́kànlá ní ọ̀dọ́ náà ni. Ẹni tí òṣèré Henry Fonda ṣe nìkan ló ní kí wọ́n jọ sọ ọ́ ná. Wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀bẹ ìpànìyàn náà kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ni Fonda bá fa òmíràn yọ lápò, tó jọ ọ́ bí ìbejì, ó gún un mọ́ tábìlì. Súrà Hujúráátì, ẹsẹ 6, ló sọ sí mi lọ́kàn: kí a wádìí ìròyìn kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe èèyàn níbi.

Ìfẹ́ òṣèré ló jẹ mí lógún jù. Ará oko kan bi Ànábì pé ìgbà wo ni Ọjọ́ Ìkẹyìn. Ànábì ní, kí ló ti pèsè dè é? Ó ní òun kò ní ìrun àti ààwẹ̀ púpọ̀, àmọ́ òun fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ànábì sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ni yóò wà. Kí èèyàn mọ rírì iṣẹ́ òṣèré kọ́ ni mò ń bá wí. Èyí tó ń mú èèyàn fẹ́ dà bí i, tó sì ń mú un gbèjà àṣìṣe rẹ̀, ni kí ẹ sá fún. Ẹ mọ ọdún ìgbéyàwó Bogart lórí. Ṣé ẹ lè ka orúkọ ọmọ Ànábì méjèèje bẹ́ẹ̀: Kásímù, Abdullah, Ibrahim, Zaynab, Rukayya, Ummu Kulthum, Fatima?

Àwòrán ògiri yẹn, ẹ ká a kúrò lálẹ́ òní. Áíṣà ní aṣọ ìkélé alámì kan tẹ́lẹ̀. Ànábì ní kó ká a kúrò, nítorí àwòrán ara rẹ̀ kò yéé wá sí òun lójú lórí ìrun. Kò pọn dandan kí ẹ fà á ya.

Ó ku àdúà. Súrà Tawbah, ẹsẹ 113, kò gbà wá láyè láti tọrọ àforíjìn fún ẹni tó kú sórí àìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ Omar Sharif, òṣèré fíìmù ará Íjíbítì, yàtọ̀. Ó gba Islam, ó fẹ́ òṣèrébìnrin Faten Hamama ní 1955, inú Ramadan 2015 ló kú, wọ́n sì kírun sí i lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ṣàdúà fún un. Ti Bogart, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Bàbá tó jókòó tì yín ló ń retí ohùn yín. Ànábì sọ pé nígbà tí iṣẹ́ ọmọ Ádámọ̀ bá dópin, àdúà ọmọ rere ṣì ń bá a. Bí fíìmù bá ti parí, kí ẹ tó pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ sọ pé: "Olúwa mi, kẹ́ àwọn òbí mi méjèèjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré."